Gíga Pikọ́ọ̀pù àti Ògiri Balùwẹ̀ Bàbá Hàmídù

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀

Jamaldeen ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó wà pẹ̀lú rẹ ní Àbújá níbẹ̀, kí oúnjẹ tí o bá jẹ ṣe ọ́ lóore, kí ojú rere ọ̀gá rẹ má kúrò lára rẹ. Ara wa le nílé. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bá òun kí ọ, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tèmi, mi ò ní rántí òun mọ́. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, iṣu náà sì ta dáadáa lọ́dún yìí. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. O mọ̀ pé ọdún kìíní ni mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ àgbà tí Tíṣà Theresa ń kọ́ wa lọ́sàn-án Sátidé, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ kọ ohun tí kò yẹ. Bí o bá rí àṣìṣe, fojú fò ó, má fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sórí fóònù, pé kí n yan iye ínǹsì tí Yahya mẹkáníìkì yóò fi gbé pikọ́ọ̀pù wa sókè, bóyá méjì, bóyá mẹ́rin, bóyá mẹ́fà, kí n sì yan táyà tó máa bá a lọ. Mo rí àwọn àwòrán náà pẹ̀lú. Ó dùn wá gan-an. Ọkọ̀ kan ti gun orí àpáta, òmíràn rì sínú ẹrẹ̀ dé ilẹ̀kùn, ìyá rẹ sì ṣe àdúà fún àwọn tó ni wọ́n, ó ní kí n bi ọ́ bóyá ẹnikẹ́ni fara pa. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó wà nínú ti ẹrẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bóyá ìbànújẹ́ ló pọ̀ jù fún un.

O mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. Kòkó tí a ti sá gbẹ wà nínú ahéré lódìkejì odò, òkúta àárín odò kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá, ṣe ni ikùn rẹ̀ máa ń gbé lé e. Bí òjò bá kún odò kí a tó kó kòkó náà, yóò bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ ṣi yàn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti táyà. O ní a lè mú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tàbí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tàbí márùndínlógójì. Jamaldeen, bàtà tí mo ń wọ̀ lọ sí mọ́sálásí, mẹ́tàlélógójì ni. Ti ìyá rẹ, mọ́kàndínlógójì. Báwo ni ọkọ̀ tó ń gbé gbogbo wa àti àpò kòkó yóò ṣe wọ bàtà tó kéré sí ti Àbẹ̀ẹ́bí àbúrò rẹ? Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀wọ̀, mo sọ fún Yahya pé kí ó wá márùndínláàádọ́ta fún wa, kí ọkọ̀ náà lè dàgbà sí i, bí a ṣe ra yunifọ́ọ̀mù tó ń wọ́ nílẹ̀ fún ọ nígbà tí o kọ́kọ́ wọ iléèwé. Yahya wò mí títí. Ó ní Bàbá, mọ́tò kì í dàgbà, ṣe ló máa ń gbó. Mo ronú sí i lórí ọ̀kadà títí mo fi délé.

Ti gíga ló wá di wàhálà. Mi ò lè yan ohun tí mi ò tíì dán wò, aṣọ pàápàá, a máa ń fi lé ara wò. Mo bẹ Yahya kí ó wá fi jáàkì gbé pikọ́ọ̀pù náà níwájú ilé wa, kí ó fi igi tì í lábẹ́, kí n jókòó sí àyè dẹ́rẹ́bà kí n wo bí ayé ṣe rí láti ibẹ̀. Ó gbé e sí méjì, mo rí ẹnu ọ̀nà wa. Ó gbé e sí mẹ́rin, mo rí ọgbà ẹ̀gẹ́. Ó gbé e sí mẹ́fà, ó tún fi gíga táyà ńlá lé e, ojú mi sì bọ́ sórí Bàbá Hàmídù nínú balùwẹ̀ wọn, ọṣẹ bò wọ́n láti orí dé àyà. O mọ balùwẹ̀ náà, kò lórùlé, ògiri rẹ̀ kàn ga ju orí ẹni tó bá dúró lóde lọ díẹ̀ ni. Ta ló rò pé ẹnikẹ́ni yóò ti òkè wá?

Ojú wa ṣe mẹ́rin. Bí mo bá mójú kúrò, wọ́n á ní mo rí àgbà, mi ò kí i. Bí mo bá sì kí wọn ní ìjókòó, èmi lókè, àwọn nísàlẹ̀, ìyẹn tún burú jù. Mo bá dọ̀bálẹ̀ lórí àga ọkọ̀. Àyè kò tó, iwájú orí mi tẹ họ́ọ̀nù, ọkọ̀ náà ń ké, kò sì dákẹ́, nítorí pé wọn kò tíì dá mi lóhùn, mo sì rò pé kò tíì yẹ kí n dìde. Gbogbo àdúgbò tú jáde. Igbá omi bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Hàmídù. Ìyá rẹ ní láti ọjọ́ tí òun ti wọlé mi, òun ò tíì rí ìkíni tó ní ariwo tó báyẹn.

Ilẹ̀ mọ́, Bàbá Hàmídù wá sílé wa. Wọ́n ní àwọn ti ń wẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ẹyẹ nìkan ló sì ń wo àwọn láti òkè, ẹyẹ kì í sì í kí ènìyàn. Wọ́n ní ọkọ̀ tí mo bá wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé àwọn kọjá mọ́. Jamaldeen, ẹ̀yìnkùlé wọn nìkan ni ọ̀nà tó dé odò. Mo bẹ̀ wọ́n, Àbẹ̀ẹ́bí gbé obì wá, wọ́n jẹ obì, wọn ò gbẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n ní ó dára, àwọn fúnra àwọn yóò jókòó síbi tí mo jókòó sí, kí àwọn mọ ohun tí mo rí gan-an kí àwọn tó dájọ́.

Yahya tún fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sí mẹ́fà, a sì fi àpótí gbé wọn gòkè. Wọn ò wo balùwẹ̀ rárá. Òdìkejì odò ni wọ́n ń wò, níbi tí igi obì wọn wà, tí wọn ò dé mọ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, ṣé orí igi àwọn nìyẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí Yahya fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàníyàn nípa jáàkì rẹ̀. Wọ́n wá ní mẹ́fà ni kí a ṣe. Ìyá rẹ ní mẹ́fà ti ga jù fún orúnkún òun. Wọ́n ní kí ó gun àpótí bí àwọn ṣe gùn ún, àbí orúnkún rẹ̀ ló dàgbà ju ti àwọn lọ ni.

Nítorí náà, mẹ́fà ni mo yàn, bí kò bá ní bí ọ nínú. Àmọ́ Bàbá Hàmídù ní àwọn ni yóò jókòó níwájú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ la odò, àti pé kí a fi búlọ́ọ̀kù gbé ògiri balùwẹ̀ àwọn sókè kí ó tó dọjọ́ náà. Jọ̀ọ́, fi owó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ránṣẹ́ pẹ̀lú owó Yahya, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún àpótí tó lágbára, nítorí èyí tí a fi gbé Bàbá gòkè ti fẹ́ yọ ẹsẹ̀. Mo fi lẹ́tà yìí han Tíṣà Theresa, ó ní ó gùn jù, kí n gé e kù, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí n ó ti gé e tí kò ní dun ẹnìkan.

Ọlọ́run á gbé ọ ga, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gíga tí wàá fi máa wo balùwẹ̀ àgbà. Ibi tí o bá ń lọ, ọ̀nà á là fún ọ, òkúta kan kò ní gbé ikùn rẹ dúró. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jìbírílù

Mo gbàgbé: Yahya ní táyà márùndínlógójì ló bá mẹ́fà mu. Mo gbà fún un, òun ló mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, kí ẹnikẹ́ni má bi mí.