Bàbá, Dúpẹ́ Kò Fẹ́ Di Awòràwọ̀

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú òjò àkọ́rọ̀. Mo kí Ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí ẹ̀yin ará Ìsẹ̀ àti ẹ̀yin alàgbà ìjọ wa. Nítorí yín ni mo ṣe ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn. Àṣìṣe mi ti dé etí gbogbo yín, ó yẹ kí àtúnṣe rẹ̀ náà débẹ̀.

Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbí. Òtútù ìlú òyìnbó ń jẹ mí dé eegun. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ibùsùn ni mò ń ká láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá wọ yàrá mi, mo máa ń sọ sókè pé "ẹ kú ulé o", kí ahọ́n mi má baà gbàgbé èdè ilé wa. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn.

Ìyá kọ̀wé pé ẹ kò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yunifásítì Dúpẹ́, àbúrò mi. Èmi ni mo jẹ̀bi. Nígbà tó sọ fún mi pé iṣẹ́ ìwádìí òfuurufú ló wu òun, mo kọ ọ́ sí yín pé ó fẹ́ di awòràwọ̀. Mo rò pé mo gbédè ni! Mo gbàgbé pé ẹ ó ṣí Bíbélì sí ibi tí Aísáyà ti ń fi awòràwọ̀ ṣẹ̀sín, tí ẹ ó ní ọmọ yín kò ní di aláfọ̀ṣẹ.

Mo bi akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí a jọ ń gbé ilé kan, tó ń kọ́ irú iṣẹ́ náà. Ó ní ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan gba ti ẹ̀rọ wọlé, àwọn mìíràn gba ti ìmọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìṣirò bíi Dúpẹ́, Físíìsì ni kó kọ́kọ́ kọ́. Sátẹ́láìtì ni wọ́n ń ṣe, èyí tí wọ́n ń rán sókè kó lè máa wo òjò àti oko. Kò sí àfọ̀ṣẹ níbẹ̀. Àbí ta ló fi ìràwọ̀ Àgùàlà hàn wá nígbà tí a ń ti oko bọ̀, tó ní ó ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, kì í sì í ṣe ajá oṣù? Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kó o sí i lórí. Ìpínlẹ̀ wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, gbogbo ilé ló ń fi ọmọ tó kàwé yangàn.

Ṣùgbọ́n Ìyá ti sọ òótọ́ ibẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ẹ sọ pé òkè òkun ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ẹ kò ní fi ìkejì fún ojú sánmà. Bàbá, mo sunkún. N kò lè ṣèlérí pé Dúpẹ́ kò ní lọ jìnnà. Ọjọ́ tí mò ń lọ, ẹ wọ yàrá, ẹ tilẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn náà, mo sì lọ láìgba àdúrà yín. Ọdún karùn-ún rèé, ó ṣì ń dùn mí ju òtútù lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i kí oṣù yìí tó parí, torí lẹ́yìn náà wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù mọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí òun náà lọ bí mo ṣe lọ.

Kí Olúwa dá yín sí, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bí ẹ bá sì gbé ọwọ́ lé Dúpẹ́ lórí, tí ẹ ń gbàdúrà fún un, Bàbá, ẹ dákun, ẹ dárúkọ mi mọ́ ọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Káyọ̀dé