Wọ́n Fi Àyà Ìyàwó Wa Rọ́pò Ẹ̀rọ

Ọmọ mi tòótọ́,

Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó wa ńkọ́, àti ọmọ kékeré tó fi ìkánjú wá sáyé? Ọlọ́run tó jẹ́ kó dé kí ilé tó múra sílẹ̀ ni yóò jẹ́ kó dàgbà kí ọ̀tá tó múra sílẹ̀. A wà dáadáa níbí. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, torí ó ti mọ́ ọn lára kí n máa gbé omi ìwẹ̀ fún un. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn tún ti ń jò. Adìyẹ funfun ń sàba nínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ mi, mi ò sì lè lé e, aṣọ kan náà ni mò ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Inú ń bí mi. Ó ń bí mi débi pé ìwé méjì ni mo ti fà ya kí n tó kọ èyí.

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé oṣù ọmọ kò pé, pé wọ́n ti gbé e sínú àpótí onígíláàsì tó ń mú ọmọ gbóná, pé àpótí náà mọṣẹ́ ju èèyàn lọ. Mo dúpẹ́, mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ-ọmọ mi ń gbé nínú ilé gíláàsì. Àfi bí mo ṣe rí i nínú àwòrán tí wọ́n bọ́ ọ síhòòhò, tó ku ìlédìí àti fìlà, tí wọ́n tẹ́ ẹ sí àyà ìyàwó wa, tí òun náà ò wẹ̀wù, tí wọ́n wá fi aṣọ di àwọn méjèèjì pọ̀ bí ẹrù. O ní nọ́ọ̀sì ní kó máa wà bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ṣé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́ ni? Àbí wọn ò rí owó iná san? Ẹni tó wá gbàtọ́jú ni wọ́n sọ di ohun èlò ilé ìwòsàn! Abiyamọ tí ara ṣì ń ro! Mo bi bàbá rẹ bóyá wọ́n máa ń san owó oṣù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun sinmi. Ìwọ ńkọ́? Ẹnu tí o fi ń bá mi jiyàn láti kékeré, ibo lo gbé e sí?

Ni mo bá lọ bá obìnrin télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, mo ní kó bá mi pe ìyàwó wa lórí fóònù rẹ̀ téèyàn fi ń rí ojú ara wọn. Mo ti to èébú sílẹ̀ de nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ojú ìyàwó wa ni mo kọ́kọ́ rí, ó ti rù. Ó ní kí n má bínú sí wọn. Ó ní nígbà tó jẹ́ inú àpótí nìkan ni ọmọ wà, ńṣe lòun ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì bí ẹni tó wá kí ọmọ ọlọ́mọ. Oúnjẹ ò lọ, oorun ò wá, bí ẹ̀rọ bá ti dún báyìí àyà òun á já, òun á máa rò ó pé òun lòun ò gbé oyún náà dáadáa. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lé òun láyà, nígbà tó yá èémí ọmọ balẹ̀, ọkàn tòun náà sì balẹ̀, òun rí oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ náà. Ó ní àpótí ò bàjẹ́ o, ọmọ ṣì ń padà sínú rẹ̀, àmọ́ nọ́ọ̀sì ní ooru àyà ìyá náà ń mú ọmọ gbóná.

Àánú ṣe mí. Mo ní tó bá jẹ́ àyà ni ọmọ ń fẹ́, tèmi náà ńkọ́? Mo ní kó gbé fóònù sún mọ́ ọmọ dáadáa. Mo ṣí ẹ̀wù, mo gbé fóònù télọ̀ lé àyà, mo fi ìborùn bò ó, mo ń mira díẹ̀díẹ̀. Télọ̀ ń pariwo pé mo ti ba fóònù òun jẹ́, mo tún fa ìborùn bò ó dáadáa. Fóònù náà sì gbóná, kẹ́nikẹ́ni má purọ́ fún mi, mo mọ̀ pé ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ni mo bá ń gbọ́ ẹ̀rín lábẹ́ ìborùn. Ìyàwó wa ni. Ó ní òun ò tíì rẹ́rìn-ín látìgbà tí òun ti bímọ.

Inú ẹ̀rín yẹn lọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé bàbá ọmọ náà lè gbé e sáyà, kí ìyá rí àyè wẹ̀ kó sì sùn, o wá ní ojú ń tì ọ́, pé ọkùnrin kì í ṣíra sílẹ̀ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. Ìwọ! Ìwọ tí bọ́ọ̀lù bá ti ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n wàá bọ́ ẹ̀wù jù sọ́rùn àlejò! Ọmọbìnrin ọlọ́mọ ń kú lọ lórí àga, ìwọ ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Gbogbo èébú tí mo tò de nọ́ọ̀sì, gbà á, ìwọ ló tọ́ sí.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kíákíá, kí o fi díẹ̀ kún un fún télọ̀, ó ní òógùn mi ti wọ fóònù. Mò ń bọ̀ wá gba tèmi nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n má dúró dè mí. Wẹ̀, má fi lọ́fínńdà síra, bọ́ ẹ̀wù rẹ, kí o jókòó. Ọmọ tí o bá gbé sáyà lónìí, yóò gbé ọ lọ́jọ́ alẹ́. Èyí tí o bá ń tijú àtigbé, èmi ò mọ àdúrà tí n ó gbà lé e lórí.

Èmi ìyá rẹ, tí inú ṣì ń bí.