Ilé Tí A Fọ̀ De Bàbá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó ayọ̀. Èmi wà bí mo ṣe wà, ẹsẹ̀ ń dùn mí, ẹnu mi ò tíì rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má kó gírámà sí mi lẹ́nu.

Bàbá rẹ ti kúrò ní ọsíbítù. Má tíì jó o. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, torí mo gbọ́ pé o ń bọ̀ ní Sátidé, pé o ti ra odindi páálí ọṣẹ olóòórùn àti oògùn tí wọ́n ń fín sínú ilé, kílé lè mọ́ nítorí ikọ́ fée Bàbá rẹ. Ọmọ mi, jọ̀ọ́, dúró ná, gbọ́ ohun tójú wa rí.

Lọ́jọ́ tí ọsíbítù kọ́kọ́ ní kí Bàbá rẹ máa bọ̀ wálé, èmi àti àbúrò mi ká aṣọ sókè, a dojú kọ ilé. A fi ìgbálẹ̀ gbá a títí eruku fi bò wá. Nígbà tó kan balùwẹ̀, àbúrò mi da bílíìṣì sílẹ̀. Ó ní kò tíì lóòórùn tó, ó tún da oògùn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé e. Ó wá pa fèrèsé dé, ó ní kí agbára ọṣẹ má baà sá jáde. Ojú ń ta wá, ọ̀fun ń ta wá, àwa ń rẹ́rìn-ín! A ní ìdọ̀tí ló ń kú yẹn.

Bàbá rẹ wọlé, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ilé ń ta sánsán." Wọ́n yà sí balùwẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ògiri mú jáde, àyà wọn ń súfèé, ètè wọn ti dúdú. Mo rí ohun tí mi ò fẹ́ rí. Ọpẹ́lọpẹ́ onímọ́tò tó gbé wọn wá, kò tíì lọ, òun náà ló gbé wọn padà sí ọsíbítù.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Màmá, kí lẹ fi fọlé?" Mo kà á fún un, mo tiẹ̀ ń ṣe fáàrí. Ó gbá orí mú. Ó ní, "Màmá, ẹ má pa àwọn méjèèjì yẹn pọ̀ mọ́ láé! Afẹ́fẹ́ burúkú ló ń jáde lára wọn, ó lè ṣe ẹni tára ẹ̀ le ní jàǹbá, ká má tíì sọ ti Bàbá." Àbúrò mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Jẹun jàre, ṣé ìwọ lo ṣe ọṣẹ ni?" Èmi náà ò jẹ.

Ní báyìí tí wọ́n ti tún padà wálé, fèrèsé ò sinmi ní ṣíṣí. Ọṣẹ lásán àti omi la fi ń fọlé, aṣọ tútù la fi ń nu eruku kó má baà gbéra. A ti kó oògùn ẹ̀fọn eléèéfín dànù, a ta nẹ́ẹ̀tì. Bùsùbúsù, bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tó ń kó eruku yẹn, ń jẹ oòrùn níta.

Bàbá rẹ ń sùn lọ́wọ́. Mo ní kí ọmọ yìí dúró ná, mo lọ tẹ́tí lẹ́nu ọ̀nà. Àyà náà ṣì ń súfèé díẹ̀díẹ̀, bí ìgò tí atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́nu. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀. Fi páálí yẹn sílẹ̀ níbẹ̀, ìwọ nìkan ni kó o máa bọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà. Ẹ̀mí rẹ á gùn, o ò ní sunkún wa, àwa náà ò ní sunkún rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ lójú fèrèsé.

Mo fẹ́ gbàgbé o: lọ́fínńdà rẹ tó máa ń ṣáájú ẹ wọlé yẹn, má fín in wá. Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kó o fi omi lásán wẹ̀, kó o wá dì mọ́ àwọn, pé òórùn ọmọ àwọn gan-an làwọn fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ti inú ìgò. Mo ń wo ẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọn ò dúró láti mí lẹ́ẹ̀kankan títí wọ́n fi sọ ọ́ tán.