Ìkíni tí Mo Kọ Sẹ́yìn Ìwé Púùlù

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́ ìránṣọ tí ò ń kọ́, ṣé ọ̀gá rẹ ò na ọ́ ní rúlà mọ́? Abẹ́rẹ́ kò ní gún ọ lọ́wọ́, ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì. Àwa náà wà láàyè, àbúrò rẹ ti ń hu eyín, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, ìdúró ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí lójú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ púùlù ni. O rántí ọkùnrin tó gbé tábìlì kan àti agboòrùn síwájú ṣọ́ọ̀bù fọganáísà lọ́dún tí o lọ? Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù òkè òkun ló ń tà. A rò pé kò ní pẹ́ lọ. Àfi bí fọganáísà ṣe jẹ owó púùlù, tó fi páànù tuntun bo ilé, ló bá di pé gbogbo ọkùnrin ń fi pẹ́ńsù há etí bíi káfíńtà. Tábìlì ti di ilé oníyàrá mẹ́ta. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ tirẹ̀ tán ti mọ orúkọ gbogbo ìlú òyìnbó. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni borí. Ọ̀mì ni wọ́n ń wá, kí ọmọ ọlọ́mọ méjìlélógún sáré títí, kí wọ́n má rí nǹkan kan gbé délé. Mo ní ṣé kò burú báyìí, bàbá rẹ ní kí n lọ wẹ ọmọ.

Lánàá ni bàbá rẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tí a rà dè ọ́ lọ bá oní-púùlù, ó ní kó fi dúró bí owó fún nọ́ńbà ìdíje mẹ́ta tí yóò ta ọ̀mì. Ògbólógbòó ẹ̀rọ tirẹ̀ tó fi ń ránṣọ, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Torí pé èmi ni mo ka ìwé girama, èmi ló ní kí n kọ fọ́ọ̀mù náà, kí n mú un lọ. Mo kọ orúkọ, mo kọ àdírẹ́sì, mo kọ 9, 22 àti 31. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ wa pé ìwé kì í lọ bá àgbà láìsí ìkíni, mo bá kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ẹ kú òtútù, ẹ kú eré sísá, ọmọ mi obìnrin ló ni ẹ̀rọ yìí, ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n ṣe é níwọ̀nba.

Oní-púùlù yí ìwé náà padà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìwé tí a bá kọ nǹkan sí lẹ́yìn ti bàjẹ́, wọ́n sì ti di àpò ìwé tọ̀sẹ̀ yìí, kí n gbé ẹ̀rọ mi. Mo gbé e, ọmọ mi! Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó fọganáísà. N ò sọ fún bàbá rẹ.

Láàárọ̀ òní ló ní kí n kúnlẹ̀ kí a jọ gbàdúrà kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Ẹnu mi ń ṣe àmín, inú mi ń sọ pé Olúwa má gbọ́. Bí wọ́n bá wọlé, ta ni yóò san án? Èmi náà ni n ó di ilé-iṣẹ́ púùlù. Rédíò ti ń kà á báyìí. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ta ọ̀mì, bàbá rẹ gbé mi sókè. Méjìlélógún náà ta ọ̀mì, àwọn ará àdúgbò ti ń pè mí ní ìyá olówó. Ọmọ mi, jẹ́ n lọ gbọ́ ìkẹta, mò ń bọ̀.

Mo ti dé. Ọ̀kan sí òdo ni ìkẹta. Bàbá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní òun ti fi ọjọ́ ọ̀la ọmọ òun tafà sínú igbó. Àánú ṣe mí, mo ti la ẹnu kí n jẹ́wọ́, ló bá nu ojú, ó ní ká ní ẹ̀rọ yẹn ṣì wà nílé ni, òun ti mọ nọ́ńbà tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní kó pẹ̀lẹ́, mo padà sídìí lẹ́tà yìí.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, tèmi àti ti ẹrù. Ọjọ́rú ni mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà bá ọ, torí Ọjọ́bọ̀ ni ìwé púùlù tuntun ń jáde. Bí o bá kọ̀wé sí bàbá rẹ, bá a kẹ́dùn dáadáa. Ayé á yẹ ọ́, wàá ránṣọ fún ẹni ńlá, wàá rán fún ọmọ rẹ, Ọlọ́run kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ fi ìpín rẹ ta tẹ́tẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.