Ọmọ Onírin Tó Ń Dákú Bó Bá Ti Gbẹ́sẹ̀

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ẹ̀rọ tó ò ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ń jẹ́ kó o ráàyè jẹun? Orí rẹ kò ní dàrú o. Àlàáfíà la wà, àfi bàbá rẹ tí ọmọ onírin tó o fi tọ́jú wa fẹ́ tọ́jú dé sàréè.

Inú mi dùn nígbà tó o gbé róbọ́ọ̀tì kékeré tó o fọwọ́ ara rẹ ṣe yẹn kalẹ̀ ní pálọ̀, tó o ní òun ni yóò máa rán bàbá rẹ létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, torí ẹnu tèmi tó ti ń rán an létí láti ọdún méje kò lo bátìrì. Lóòótọ́, ó mọ ìwà hù. Á ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lo oògùn yín, bàbá rẹ á sì lò ó. Ṣùgbọ́n bó bá ti ní kóun yí lọ sẹ́nu ọ̀nà báyìí, ojú rẹ̀ á ṣú, á dákú, á tún jí, á ti gbàgbé, á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lo oògùn yín. Mo ní ó ti lò ó, bàbá rẹ ní ṣé mo mọ̀wé ju kọ̀ǹpútà lọ ni. Ìgbà mẹ́ta ló lò ó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bó ṣe ní kóun dìde, ilẹ̀ ló bá ara rẹ̀.

Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, òun ló sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà bi mí pé ta ló ń fún un lóògùn, mo nawọ́ sí róbọ́ọ̀tì, ó wò mí bí ẹni tó yẹ kóun gbé lọ pẹ̀lú.

Atúnrédíòṣe àdúgbò wa ló tú róbọ́ọ̀tì náà wò. Ó ní bátìrì kan ṣoṣo lo fi ń bọ́ ẹsẹ̀ àti orí rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ gbéra, á fa gbogbo iná mọ́ra, kọ̀ǹpútà orí á sì kú. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi tó kàwé ọdún mẹ́fà kò lè gbàgbé oúnjẹ orí. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Ó so nǹkan pẹlẹbẹ kan sáàárín tí yóò máa díwọ̀n iná fún orí, kó lè rí tirẹ̀ jẹ. Mo ní kó má bu ti ẹsẹ̀ kù jù, kó má di arọ.

Kò dákú mọ́. Láàárọ̀ àná, bàbá rẹ tún nawọ́ sí oògùn lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ onírin ní rárá sà, ẹ ti lò ó. Bàbá rẹ wò ó títí, ó ní èmi ni mo ti kọ́ ọ, kí n gbé e jáde kíá. N kò gbé e. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí, a kò pé méjì rí tó ń sọ òótọ́ fún un.

Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ sí atúnrédíòṣe, kó o fi tèmi náà lé e, torí ilé ìwòsàn ti gbọ́n àpò mi gbẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní bó o bá tún ń bọ̀, ọwọ́ lásán ni kó o gbé wá.

Ìṣòro kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ o.

Èmi ni, ìyá rẹ.