Ojú Kọ̀ǹpútà Tí Mi Ò Nù

Àǹtí Zulaihat,

Ẹ pe Àkíbù kí ẹ tó bọ́ híjáàbù. Ẹ fi fóònù sílé lọ àsàláátù, ni mo ṣe kọ ìwé yìí.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Lẹ́yìn tí mo bá yín wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín lánàá, mo tẹ “exit” láìkọ́kọ́ tẹ “clear” tó máa ń nu èsì kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Màámi bá orúkọ yín àti AS níbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní AS ni Àkíbù náà, kò sí yìgì tí ẹnikẹ́ni máa so fún ẹ̀yin méjèèjì mọ́. Wọ́n ti lọ sọ fún ìyá rẹ̀ ní Kúdẹtì. Mò ń sáré tẹ̀lé wọn.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún Àkíbù.

Mo ti nu kọ̀ǹpútà náà báyìí. Ìgbà tó yẹ kó mọ́ ni kò mọ́.

Basit