Ta Ni Kọ́tábáàkì Tó Ju Gbogbo Wọn Lọ ní Brannock?

                                                                14, Òpópónà Birch,
                                                                Brannock,
                                                                Pennsylvania.
                                                                Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹwàá, 2023.

Wendell, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni ara? Báwo ni egungun ìbàdí tuntun tí àwọn dókítà fi sí ọ lára? Ṣé o ti ń rìn láìdi ògiri mú? Geneva ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti fún un ní ìsinmi? Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ńkọ́? Mo lérò pé oòrùn Arizona kò tíì yan ọ́ gbẹ bí ẹran. Àwa náà wà níhìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Dolores ìyàwó mi ní kí n kí ọ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, nítorí ó mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, n kò ní rántí òun mọ́. Òtútù ti dé. Ohùn mi há títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ló fà á. Igbe ni mo ké ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìdí igbe náà ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ọdún yìí ló pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé. Nínú oṣù kẹjọ, ìgbìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní àwọn fẹ́ ya àwòrán kọ́tábáàkì kan ṣoṣo sára ògiri ẹnu ọ̀nà pápá, ẹni tó mọ iṣẹ́ dídarí eré àti jíju bọ́ọ̀lù jù lọ láti 1923. Wọ́n ní gbogbo ìlú ni yóò dìbò. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ju egungun kan sáàárín ajá mẹ́wàá. Orúkọ mẹ́ta ló jáde: Lucius Tolliver tiwa, ti ọdún 1960, Rudy Sabatino, ti 1984, tó ni ilé oúnjẹ ìgboro, àti Micah Petrosky, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà lọ́wọ́lọ́wọ́.

Àràárọ̀ ni wọ́n ń jiyàn yìí ní ọ̀dọ̀ Rudy. Rudy gbé àwòrán ara rẹ̀ mẹ́rin kọ́ sí òkè ẹ̀rọ kọfí, ó ní kì í ṣe nítorí ìbò. Àwọn ọ̀dọ́ ń ka iye. Wọ́n ní ní sáà yìí nìkan, Micah ti ju bọ́ọ̀lù igba ó lé mẹ́rìnlá tí ẹni rẹ̀ gbà mú. Lucius ńkọ́? Gbogbo sáà 1960, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì péré ló ju bọ́ọ̀lù. Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ ya. Mo sọ fún wọn pé nígbà tiwa, wọ́n lè gbá kọ́tábáàkì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí adájọ́ máa wo sánmà. Pé ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló wà níwájú akoto wa. Pé bí òjò bá ti rọ̀, bọ́ọ̀lù tó ṣóńṣó lẹ́nu méjèèjì yẹn a máa wúwo, a sì máa yọ̀ bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Mo sì gbà pẹ̀lú wọn pé àwọn tó ń lé Micah lónìí ga ju àwọn tó lé wa lọ, wọ́n sì ń sáré bí ẹṣin. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn nǹkan wọ̀nyí?

Ṣùgbọ́n ìwọ àti èmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Lucius kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri. Ọdún 1961 ni yunifásítì yẹn gbà á wọlé pé kó wá bá àwọn gbá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tó débẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ bá àwọn tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́tábáàkì gba ọpọlọ, ènìyàn dúdú kò sì lè ronú kíá tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣe ọdún kan, ó padà wálé, ó sì ṣiṣẹ́ ọdún méjìdínlógójì ní ilé iṣẹ́ dígí. Kò sọ ọ́ mọ́. Àwa la máa ń bá a sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù yìí, òun àti èmi wọlé lọ mu kọfí ní ọ̀dọ̀ Rudy. Micah wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹnu rẹ̀ ló kàn gùn ju apá rẹ̀ lọ. Ó pariwo láti ìdí tábìlì rẹ̀ pé, “Bàbá Tolliver, ẹ má bínú o. Mọ́kànlélógójì lódindi sáà? Èmi máa ń jù tó bẹ́ẹ̀ kí n tó jẹun ọ̀sán!”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lucius ń ro kọfí rẹ̀. Ó ní, “Kò burú. Ta ló ń sọ fún ọ ohun tó o máa fi bọ́ọ̀lù ṣe?”

“Kóòṣì ni. Wọ́n á gbé pátákó alàwòrán sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, èmi á wo ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi.”

“Bí àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ bá jà bá ti mọ ìtumọ̀ ẹ̀ ńkọ́?”

“Wọn ò lè mọ̀ ọ́n.”

“Mi ò bi ọ́ bóyá wọ́n lè mọ̀ ọ́n.”

Rudy dá sí i láti ìdí ààrò pé nígbà tòun, ṣe ni kóòṣì máa ń rán ọmọ kan wọ pápá wá sọ ọ́ fún òun, ìdajì iṣẹ́ náà lọmọ ọ̀hún sì máa ń gbàgbé lójú ọ̀nà. Ni mo bá sọ fún wọn pé nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó ń rán ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ ba tí mo máa ń ti bọ́ọ̀lù sí Lucius lọ́wọ́ láàárín ẹsẹ̀ mi, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi ní gbogbo ìgbà. Nínú ìdíje wa ìkẹyìn, ìgbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta la gbé bọ́ọ̀lù. Orí ara rẹ̀ ló fi pe gbogbo ète mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gọ́ta. Kóòṣì wa ń mu sìgá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Lucius àti èmi ń ta káàdì nílé rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Micah ni, ó bọ́ fìlà sọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tẹ́ ẹ bi mí ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ kọ́ mi.”

Lucius ní, “Mo ṣebí o ti jẹun ọ̀sán?” Ṣùgbọ́n ó ti ń kó káàdì kúrò lórí tábìlì. Ó da ẹ̀wà gbígbẹ sílẹ̀, funfun mọ́kànlá, pupa mọ́kànlá, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Mo ń gbọ́ Lucius tó ń sọ pé, “Má wo ojú wọn, ojú ń parọ́. Ẹsẹ̀ ni kó o wò. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, ìwọ ló ń bọ̀ wá bá. Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́ dúró. Mọ̀ ọ́n kó o tó gba bọ́ọ̀lù, torí lẹ́yìn ìgbà yẹn o ò ráyè.” Ní ọjọ́ kan, ọmọ náà fi ara rẹ̀ hàn án nínú fóònù, níbi tó ti ń sá sẹ́yìn fún ẹni méjì, tó sì ju bọ́ọ̀lù kọjá gbogbo ìbú pápá sọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Lucius ní kó tún un ṣe. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó mi orí. Ó ní, “Ká ní wọ́n fún mi ní apá méjì sí i, mi ò lè ju ìyẹn.” A máa ń sọ pé bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni, Wendell, ṣùgbọ́n aṣọ ọmọ yìí dára.

Ó wá di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Slate Hollow la fẹ́ bá figagbága. Ọdún mọ́kànlá gbáko la ò tíì na wọ́n. Gbogbo ìlú ti mọ̀ pé bí Kóòṣì Haldane bá tún pàdánù, wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sán ni, oòrùn wà, èmi àti Lucius jókòó ní ìlà kẹfà.

Ìyà jẹ wá. Bí a bá fẹ́ gba ọ̀tún, wọ́n ti wà lọ́tùn-ún. Bí a bá fẹ́ jù ú, ẹni mẹ́ta ti dúró níbi tó ń lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìsinmi dé, ogún ayò sí mẹ́ta ni. Lucius fi ìgúnpá tọ́ mi, ó ní, “Wo ọkùnrin onífìlà aláwọ̀ ewé yẹn.” Mo wò ó. Lóòótọ́, bí kóòṣì wa bá ti gbé pátákó sókè, ọkùnrin Slate Hollow yẹn á kà á bí ìwé ìròyìn, á sì kígbe sáwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti mọ gbogbo àwòrán wa!

Micah náà ti rí i. Nígbà tí wọ́n padà wọ pápá, mo rí i tó ń bá kóòṣì sọ̀rọ̀, tí kóòṣì ń mi orí pé rárá. Wọ́n tún gbé pátákó sókè. Slate Hollow tún gba bọ́ọ̀lù náà mọ́ wa lọ́wọ́. Micah jáde wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó gbójú sókè sí ìlà kẹfà, ó ń wá Lucius. Mo ní, “Juwọ́ sí i! Sọ ohun tó máa ṣe fún un!”

Lucius ká apá rẹ̀ pọ̀ sáyà. Ó ní, “Bí mo bá juwọ́, pátákó kejì ni mo dà yẹn.”

Ọmọ náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó tú ìwé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó fà á lé Kóòṣì Haldane lọ́wọ́. N kò gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ohun tí kóòṣì sọ, nítorí ó la pátákó náà mọ́lẹ̀, ó ké pé, “Ó dáa! Pè é! Pè é fúnra ẹ!”

Wendell, ìwọ ì bá wà níbẹ̀! Ọkùnrin onífìlà yẹn ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kò rí nǹkan kà. Micah dúró lẹ́yìn àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú, ó ń pariwo, ó ń yí ète padà. Ìgbà kan tí a gbé bọ́ọ̀lù wọ ìlà ìparí wọn, ayò méje la gbà, tiwa di mẹ́wàá. Ó di mẹ́tàdínlógún. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wa, ogún sí mẹ́tàdínlógún, ìlà ìparí sì jìnnà. Lucius dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ní kà lábẹ́ ẹnu rẹ̀: “Gìgísẹ̀. Gìgísẹ̀. Gìgísẹ̀. Gbogbo wọn ló ń bọ̀.” Ní ìṣẹ́jú kan náà ni Micah na ọwọ́, tó sì yí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe padà. Gbogbo wọn tú jáde sí i lóòótọ́, wọn ò fi ẹni tó pọ̀ sẹ́yìn. Ọmọ náà ṣí sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti ń dì mọ́ ọn nígbà tó ju bọ́ọ̀lù náà. Ó ga, ó jìnnà, ó ń yí bí òkòtó. Ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tiwa, onítọ̀hún nìkan, kò sẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rìn wọ ìlà ìparí.

Ibẹ̀ ni ohùn mi lọ. Mẹ́rìnlélógún sí ogún! Mo di ọkùnrin tó wà níwájú mi mọ́ra, n kò mọ̀ ọ́n rí. Lucius kò pariwo. Omi wà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Emil, orí ló kọ́kọ́ ju ìyẹn. Apá kàn parí ẹ̀ ni.”

Àná, ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná, a dìbò. Lucius ní okòólérúgba ó lé mọ́kànlá, Micah ní àádọ́fà, Rudy ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Rudy ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà, tirẹ̀ dín ní ẹyọ kan. Ìyá Micah fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé Lucius lòun dìbò fún, pé kí n má sọ fọ́mọ òun. Ọmọ náà ti sọ ohun kan náà fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, pé kí n má sọ fún ìyá òun. Wọ́n ní kí Lucius sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó di etí tábìlì mú, ó sì wo gbogbo wa yíká. Ó ní, “Lucius Tolliver lorúkọ mi. Kọ́tábáàkì ni mí.” Ó jókòó. Ọ̀rẹ́, mo rò pé òrùlé máa ṣí. N kò gbọ́ irú ìpàtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ láyé mi, títí kan èyí tí wọ́n pa fún wa ní 1960.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó jókòó kọ̀wé sí ọ, mo gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Ẹni tó máa ya àwòrán kò tíì dé, ṣùgbọ́n ẹnìkan wà lórí àkàbà tó ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ògiri, ó fi aṣọ ìdáná dè nídìí, eruku bò ó. Mo ní, “Rudy, kí lò ń ṣe lókè yẹn?”

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, “Emil, fi mí sílẹ̀. Bí wọ́n bá kùn ún léra báyìí, á bó láàárín ọdún méjì. Bàbá yẹn ò gbọdọ̀ bó.”

Bá mi kí Geneva dáadáa, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ-ọmọ lẹ́nu fún wa. Lucius ní kí ìbàdí rẹ yára san, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí aṣọ lójú àwòrán náà, òun kò ní dúró níwájú rẹ̀ bí ìwọ kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Dolores ń kí yín, ó ní kẹ́ ẹ wá, yàrá òkè wà nílẹ̀.

Tìrẹ ni mí títí ẹsẹ̀ á fi kọ̀ láti gbé mi,

Emil Hruska